Ẹ̀KỌ́ ORIN ṢÍṢẸ̀DÁ, ÀTI OHUN TÍ ILÉ TI MỌ̀ TẸ́LẸ̀

Àwọn àgbà wí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ wo ọgbọ́n àwọn tí ó ti kọ́ bí a ti ń ṣẹ̀dá orin ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí a sì wo èyí tí àwọn ará ilé wa ní Ẹ̀kìtì ti mọ̀ láìlọ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

I. Ohun tí ó mú mi kọ̀wé yìí

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé orin kì í ṣe ohun tí a ń kọ́. A máa ń wí pé ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní ohùn, kí ó kọrin. Ẹni tí kò bá sì fún, kí ó dákẹ́. Èmi pẹ̀lú ti rò bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yí mi lérò padà.

Ní àkókò tí a rán wa jáde lọ dán iṣẹ́ olùkọ́ wò, mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. A ní kí n kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní orin kan nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. N kò rí èyí tí ó wù mí nínú ìwé, mo bá mú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kan tí mo fẹ́ràn, mo sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Ìlà kìn-ín-ní rẹ̀ ni èyí: "Mo gbé ọkọ́ mi, mo lọ sí oko." Inú mi dùn sí i púpọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n tán, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ kíkankíkan, mo ṣàkíyèsí pé wọ́n ń wo ara wọn lójú, wọ́n sì ń pa ẹ̀rín mọ́ra. N kò mọ ohun tí ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà kan wà tí ó máa ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Bí mo ti ń jáde ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó pè mí, ó ní, "Tíṣà, ọkọ ta ni àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí ń gbé lọ sí oko láti àárọ̀?"

Mo dáhùn pé, "Ìyá, ọkọ́ ni, èyí tí a fi ń roko. Kì í ṣe ọkọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ohun tí o ní lọ́kàn ni o ń sọ fún mi yẹn. Ohun tí a gbọ́ ni mo sọ fún ọ."

Mo dúró bí ẹni tí a da omi tútù sí lára. Nígbà tí mo dé ilé, mo kọ orin náà sí etí ara mi jẹ́jẹ́, mo sì rí i pé òtítọ́ ni ìyá náà wí. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì náà kò gòkè, kò sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Ó dúró ní ojú kan. Ohùn tí ó dúró ní ojú kan ti sọ ọkọ́ di ọkọ. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ àwọn ọmọkùnrin ogójì pé kí wọ́n máa kọrin pé àwọn gbé ọkọ wọn lọ sí oko!

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bèèrè pé: Kí ni ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá orin ní láti mọ̀? Níbo ni a ti ń kọ́ ọ? Ǹjẹ́ àwọn tí ó lọ kọ́ ọ ní òkè òkun bọ́ lọ́wọ́ irú àṣìṣe tí mo ṣe yìí? Ìdáhùn tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀ nísinsìnyí.

II. Ilé-ẹ̀kọ́ orin gíga àti ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a ṣi èyí gbọ́. Nígbà tí mo bá wí pé ẹnìkan ń ṣẹ̀dá orin, kì í ṣe pé ó ń kọrin nìkan. Orin tí a kò gbọ́ rí ni ó ń hun, tí ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kí àwọn ẹlòmíràn lè kọ ọ́ tàbí kí wọ́n lù ú.

Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe ilé-ẹ̀kọ́ orin gíga, èyí ni "conservatory," ní ìtàn tí ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀. Láti ìlú Naples ní ilẹ̀ Ítálì ni ó ti jáde. Láti àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1500 ni àwọn aláàánú ti ń dá ilé sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ òrukàn. Ìtumọ̀ orúkọ ilé náà ni ibi ìpamọ́. A ń bọ́ àwọn ọmọ náà, a sì ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n lè fi jẹun. Orin ni a kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn ilé ìpamọ́ ọmọ òrukàn wọ̀nyí di ilé-ẹ̀kọ́ orin tí òkìkí wọn kàn kárí ilẹ̀ Yúróòpù. A dá ti Paris sílẹ̀ ní 1795. Ní Lọ́ńdọ̀nù, a dá Royal Academy of Music sílẹ̀ ní 1822, Trinity College of Music ní 1872, àti Guildhall School of Music ní 1880. Ẹ rántí orúkọ méjì tí mo dá gbẹ̀yìn, nítorí a óò tún pàdé wọn.

Ẹni tí ó bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ láti kọ́ orin ṣíṣẹ̀dá lè lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó gba oyè. Àwọn ohun tí yóò kọ́ ni wọ̀nyí:

1. Etí. Olùkọ́ yóò tẹ orin lórí píánò, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n kọ ọ́. Bákan náà ni yóò wo ìwé orin tí kò rí rí, yóò sì kọ ọ́ jáde láìsí ohun èlò.

2. Ìbáramu ohùn. Yóò kọ́ bí ohùn mẹ́rin, soprano, alto, tenor àti bass, ti ń dún pọ̀ tí ó sì dùn mọ́ni. Àwọn orin ìsìn tí Bach ará Jámánì tò sí ohùn mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àwòkọ́.

3. Ìrìn ohùn. Níhìn-ín ni a ti ń kọ́ bí ohùn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń rìn, tí olúkúlùkù sì ní ọ̀nà tirẹ̀, síbẹ̀ tí wọn kò kọlu ara wọn. Ìwé kan tí Fux kọ ní Vienna ní 1725 ni ó la ẹ̀kọ́ yìí sí wẹ́wẹ́, láti orí èyí tí ó rọrùn dé èyí tí ó le. Haydn tí a mọ̀ dé òpin ayé kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fún un. Ìwé Fux ni ó jókòó tì, tí ó sì fi kọ́ ara rẹ̀.

4. Ìmọ̀ ohun èlò. Yóò mọ ibi tí ohùn ohun èlò kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, àti bí èémí ẹni tí ń fọn fèrè ti lè pẹ́ tó. Gẹ́gẹ́ bí onílù wa ti mọ̀ pé ohun tí ìyáàlù ń sọ kì í ṣe iṣẹ́ omele, bẹ́ẹ̀ ni ó ní láti mọ iṣẹ́ olúkúlùkù.

5. Ètò orin. Bí a ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí a ti ń yípadà, àti bí a ti ń padà wálé.

6. Lílo ohun èlò kan fúnra rẹ̀, pàápàá píánò tàbí dùùrù ńlá ti ṣọ́ọ̀ṣì.

7. Ṣíṣẹ̀dá gan-an. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé iṣẹ́ tí ó ṣe lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ni yóò jókòó. Olùkọ́ yóò bi í pé, "Èéṣe tí o fi gba ibí? Èéṣe tí o kò dúró níhìn-ín?" Akẹ́kọ̀ọ́ yóò padà lọ tún un ṣe.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Ẹ̀fọ̀n kò ní wí pé irú ẹ̀kọ́ yìí ṣe àjèjì sí i. Ìlú àwọn agbẹ́gilére ni Ẹ̀fọ̀n. Agbọ́nbíọ̀fẹ́, ẹni tí ó kú ní 1945, ni ó gbẹ́ òpó fún ààfin Aláayè. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wá láti inú ẹ̀bùn nìkan. Ọmọ tí a bá fi sí ẹnu iṣẹ́ ọnà kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí òpó ààfin. Yóò mọ igi, yóò mọ irin, yóò di ohun kékeré mú fún ọ̀gá rẹ̀, yóò gbẹ́ ohun tí ọ̀gá yóò tún gbẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn. Bí a kò bá wí pé ẹ̀bùn nìkan tó fún agbẹ́gilére, èéṣe tí a fi ń wí bẹ́ẹ̀ nípa aṣẹ̀dá orin?

III. Àwọn tí ó ti lọ ṣáájú wa

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn díẹ̀ nínú àwọn tiwa tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ẹni ìṣáájú ni Thomas King Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tí a bí ní 1884. Ó kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1911 dé 1914. Nígbà tí ó padà dé, ó di atẹdùùrù àti ọ̀gá orin ní Kàtídírà ti Kristi ní Èkó, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 1962. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni èyí! Ní 1953 ni ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde, nínú èyí tí ó ti wádìí bí ọ̀rọ̀ àti orin ti so pọ̀ ní èdè wa. Ó kú ní 1969.

Lábẹ́ Phillips ni Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, ti kọrin ní kékeré, tí ó sì kọ́ dùùrù. Àlùfáà àti olùkọ́ ni baba rẹ̀. Nígbà tí Ṣówándé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1930, kì í ṣe orin ni ó bá lọ. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni. Orin ni ó fà á padà. Ní 1943 ó gba oyè gíga jù lọ ti ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù ti Ìlú Ọba. Ní 1944 ó ṣẹ̀dá African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, Folk Symphony rẹ̀ wà lára ohun tí a fi yẹ́ ọjọ́ náà sí. Ó kú ní 1987.

Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí a bí ní 1935, wọ Guildhall School ní 1957, lẹ́yìn náà ó lọ sí Cambridge. Ó ṣẹ̀dá orin Yorùbá fún olóhùn kan pẹ̀lú píánò, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Ó dùn wá pé ikú òjijì mú un lọ ní 1976, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Akin Euba, ọmọ ọdún kan náà pẹ̀lú rẹ̀, wà ní Trinity College láti 1952 dé 1957. Síbẹ̀, ẹni yìí tí ó ti gboyè ní Lọ́ńdọ̀nù tún padà wá jókòó ti àwọn onílù dùndún láti kọ́ ọgbọ́n wọn, ó sì kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀. Ó kú ní 2020.

Ẹnìkan ṣì wà tí kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n tí ìtàn rẹ̀ kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ephraim Amu ará Gánà ni, tí a bí ní 1899. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọ Presbyterian ní Akropong, irú ilé-ẹ̀kọ́ tí àwa wà nínú rẹ̀ yìí. Ó ń ṣẹ̀dá orin ní èdè Ewe àti Twi, èdè tí ohùn ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà nínú wọn bí ó ti ń ṣe nínú tiwa. Ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ sí ilé ìsìn, ó sì mú orin ilẹ̀ rẹ̀ wọ ibẹ̀. Nítorí èyí ni a fi yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní 1933. Kò bínú fi orin sílẹ̀. Achimota gbà á ṣe olùkọ́, nígbà tí ó sì di 1937 ó lọ sí Royal College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wà níbẹ̀ di 1940. Ṣówándé lo orin Amu nínú African Suite rẹ̀. Amu gbé ayé títí di 1995.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nípa gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kọ́ orin láìkọ́ ẹlòmíràn. Phillips kọ́ Ṣówándé. Amu, Bánkọ́lé, Euba àti Ṣówándé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Nítorí náà, bí ẹbí ẹnìkan nínú wa bá wí fún un pé, "Iṣẹ́ alágbe ni o fẹ́ lọ kọ́ yìí," gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹbí mi ti wí fún mi, kí ó fi sùúrù dá wọn lóhùn. Òtítọ́ ni pé orin ṣíṣẹ̀dá nìkan kò tètè bọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ orin ti ń gbé pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

IV. Ibi tí ìwé ti pin

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọkọ́ mi tí ó di ọkọ.

Gbogbo wa ni a ti kọ́ àwọn ọmọ pé ohùn mẹ́ta ni ó wà ní èdè Yorùbá: dò fún ti ìsàlẹ̀, re fún ti àárín, mí fún ti òkè. Èyí kò wí pé ọ̀rọ̀ wa jẹ́ orin olóhùn mẹ́ta. Ohun tí ó wí ni pé a gbọ́dọ̀ gbọ́ ibi tí ohùn ti gòkè àti ibi tí ó ti sọ̀. Bí a bá yí i padà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni a sọ. "Fọ ọwọ́ rẹ" jẹ́ ìmọ̀ràn rere fún ọmọ tí ó fẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n bí orin bá gbé "fọ" sókè, a ti sọ fún ọmọ náà pé kí ó fọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn kan ni yóò kọrin, wàhálà náà kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a tún ìlà mi ṣe. "Mo gbé ọkọ́ mi": re, mí, re, mí, re ni ohùn èdè rẹ̀. Mo lè fi í sí orin sol-fa báyìí:

m s m s m

Ohùn gòkè ní "gbé," ó gòkè ní "kọ́," ó sì sọ̀ ní àwọn ìyókù. Ìyá ẹlẹ́pà kò ní rí mi bú mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí kíláàsì ìbáramu ohùn. Ìwé kọ́ wa ní òfin méjì tí ó dára. Èkínní: nígbà tí ohùn kan bá gòkè, ó dára kí òmíràn sọ̀ kalẹ̀. Èkejì: bí ohùn kan bá lè dúró sí ibi tí ó wà nígbà tí àwọn mìíràn ń rìn, jẹ́ kí ó dúró. Mo tẹ̀lé òfin méjèèjì. Mo fún ohùn kejì ní d t d t d, níbi tí t ti wà ní ìsàlẹ̀ d. Mo sì fún ohùn kẹta ní s ti ìsàlẹ̀ nígbà márùn-ún: s s s s s. Bí a bá tẹ ẹ́ lórí dùùrù, ó bára mu, kò sí olùkọ́ tí yóò fi yẹ́ńsù pupa fà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ènìyàn mẹ́ta kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ohùn kìn-ín-ní ń gòkè níbi tí ó yẹ: ó gbé ọkọ́. Ohùn kejì ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó gòkè: ọkọ̀ ni ó gbé. Ohùn kẹta kò kúrò lójú kan: ọkọ ni ó gbé. Nínú ẹgbẹ́ akọrin kan ṣoṣo, nínú ìlà kan ṣoṣo, ẹnìkan ru ọkọ́, ẹnìkan ru ọkọ̀, ẹnìkan ru ọkọ rẹ̀. Gbogbo wọn sì ń lọ sí oko lábẹ́ òfin!

Èyí ni ibi tí ìwé ti pin. Kì í ṣe pé òfin náà burú. Fún èdè tí ohùn kì í yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà ni a ṣe é, bí èdè Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Ítálì. Ẹni tí ó bá kọ orin Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ohùn rẹ̀ sókè sódò bí ó ti wù ú. Igi yóò máa jẹ́ igi, omi yóò sì máa jẹ́ omi. Àwọn tí mo dárúkọ lókè kò lè rí ìdáhùn ìṣòro yìí gbà láti inú ìwé tí a kọ́ wọn. Àwọn fúnra wọn ni ó ní láti wá a.

V. Ohun tí Ẹ̀kìtì mọ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní àkókò kan náà tí mo wà ní Ẹ̀fọ̀n, wọ́n ń ṣe ìsọmọlórúkọ ní agbolé tí ó súnmọ́ ibi tí mo wọ̀ sí. Àwọn obìnrin ń kọrin. Ọ̀kan ń lé orin, àwọn ìyókù ń gbè é. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò tíì fetí sí i bí ẹni tí ìtìjú ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ náà, mo gbọ́ pé ègbè wọn kì í ṣe ohùn kan. Ohùn méjì ni. Àwọn kan wà lókè, àwọn kan wà nísàlẹ̀ wọn. Nígbà tí ti òkè bá gòkè, ti ìsàlẹ̀ a bá a gòkè. Nígbà tí ó bá sọ̀, wọn a jọ sọ̀. Àyè tí ó wà láàárín wọn kì í sábà yẹ̀: bí ẹnìkan bá wà lórí m, ẹnìkejì a wà lórí d, bí ó bá bọ́ sí s, ẹnìkejì a bọ́ sí m.

Àwọn tí ó ti wádìí orin ilẹ̀ wa ti ṣàkíyèsí èyí: ní Ẹ̀kìtì àti ní Ìjẹ̀ṣà, ohùn méjì a máa rìn pọ̀ báyìí nínú ègbè, nígbà tí ó jẹ́ pé ní ìhà Ọ̀yọ́, ohùn kan náà ni gbogbo agbo sábà máa ń kọ.

Mo sáré wọlé, mo mú ìwé, mo sì kọ ìlà mi lọ́nà tiwọn:

Ohùn òkè: m s m s m
Ohùn ìsàlẹ̀: d m d m d

Ẹ kọ ọ́ wò, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹni òkè gbé ọkọ́. Ẹni ìsàlẹ̀ gbé ọkọ́. Ohùn méjì ni, ó dùn, ó kún, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a gbọ́. Ohun tí mo ń wá kiri nínú ìwé wà lẹ́nu àwọn ìyá tí n kò kà sí nígbà tí mo ń wá olùkọ́ orin.

N kò wí pé ọ̀nà kan yìí nìkan ni ó wà. Aṣẹ̀dá orin lè fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ohùn kan ṣoṣo, kí àwọn ìyókù máa kùn láìsọ ọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ kí ẹnìkan lé e, kí agbo gbè é, kí wọ́n má ṣe jọ sọ̀rọ̀ pọ̀. Ó sì lè gbé gbogbo ọgbọ́n ìrìn ohùn tí a kọ́ ọ sórí píánò tàbí dùùrù, nítorí píánò kì í pe ọ̀rọ̀. Bí ó bá sọ̀ nígbà tí olórin ń gòkè, kò sí ọkọ́ tí yóò di ọkọ̀. Èyí ni orin olóhùn kan pẹ̀lú píánò, irú èyí tí Bánkọ́lé ṣẹ̀dá, fi yẹ èdè wa tó bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n kì í wí pé ilé nígbà tí ó bá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ulé ni ó ń wí. Bí a bá fẹ́ kí orin wa wọ ọmọ lọ́kàn, ó yẹ kí a mọ ohùn ilé rẹ̀ kí a tó kọ́ ọ ní ti ìwé.

VI. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a lọ?

Ẹnìkan lè wí pé: bí ó bá jẹ́ pé ilé ti mọ̀ ọ́n, kí ni a tún ń lọ ilé-ẹ̀kọ́ orin gíga fún? Mo dáhùn pé ó yẹ kí a lọ. Àwọn ìyá agbolé náà mọ ìrìn ohùn méjì, ṣùgbọ́n orin wọn kò sí nínú ìwé. Bí wọ́n bá lọ, ó lè bá wọn lọ. Ẹ̀kọ́ etí tí mo kà sí ìkíní lókè ni yóò jẹ́ kí a lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ìmọ̀ ohun èlò ni yóò jẹ́ kí a lè gbé e fún fèrè àti fún okùn. Ìmọ̀ ètò orin ni yóò jẹ́ kí orin kékeré lè di ńlá láìsú ni. Kódà, bí kì í bá ṣe òfin ìbáramu ohùn tí mo kà, n kì bá tí mọ ohun tí ó jẹ́ ìyanu nínú ègbè àwọn obìnrin náà. Ìwé ni ó là mí lójú sí ilé. Ilé ni ó sì fi ibi tí ìwé pin sí hàn mí.

Kì í tún ṣe Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni ọ̀nà wà. A ń kọ́ orin gba oyè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Ẹ̀kìtì. Ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON wà ní Oníkàn ní Èkó. Àwọn ìdánwò onípele, láti Ìpele 1 dé Ìpele 8, ṣeé ṣe fún ẹni tí kò tíì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá sì ní owó rárá, kí ó rántí Haydn àti ìwé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá ń lọ má ṣe lọ ní ọwọ́ òfo. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Iṣẹ́ díẹ̀ nìyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe ní ìsinmi tí ń bọ̀:

1. Mú orin kan tí ìyá tàbí ìyá àgbà rẹ mọ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní sol-fa, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ náà.

2. Fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ohùn orin àti ohùn èdè kò ti bára mu. Bèèrè lọ́wọ́ olórin náà bí ọ̀rọ̀ náà ṣì yé e, àti ohun tí ó mú kí ó yé e.

3. Fetí sí ègbè ní ìlú rẹ. Ṣé ohùn kan ni, tàbí méjì? Bí ó bá jẹ́ méjì, kọ méjèèjì sílẹ̀.

4. Ṣẹ̀dá orin ìlà mẹ́rin fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Kí o tó kọ́ wọn, kọ ọ́ sí etí àgbàlagbà kan tí kò mọ ìwé, kí o sì ní kí ó sọ ohun tí ó gbọ́ fún ọ.

Èmi ti ṣe ìkẹrin yìí. Kí n tó kúrò ní Ẹ̀fọ̀n, mo kọ́ àwọn ọmọ náà ní orin mi ní ọ̀nà titun, ní ohùn méjì. Mo sì gbà á láàyè kí ìyá ẹlẹ́pà jókòó sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, mo bi í pé, "Ìyá, kí ni wọ́n gbé?"

Ó ní, "Ọkọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni wọ́n máa roko ọ̀hún?"

Mo tún ní ìlà kejì láti ṣẹ̀dá.